Ọwọ̀ àti Fìtílà: Èsì fún Àwọn tí Ó Ní Tálákà Kò Lè Kó Owó Àtijọ́ Jọ Pé

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nípa àpótí kékeré kan tí ó wà nínú yàrá mi ní Òrò-Àgọ́. Inú àpótí náà ni mo ń kó owó àtijọ́ jọ sí. Ẹlòmíràn a wò ó, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Olùkọ́, iṣẹ́ olówó ni èyí. Kí ni ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ká oúnjẹ ń fi owó tí a kò ná mọ́ ṣe?" Ẹlòmíràn a ní ìfẹ́ owó ni ó ń dà mí láàmú. Ẹlòmíràn, èyí tí ó burú jù lọ, a gbà mí níyànjú pé kí n kó gbogbo rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ kí ó yọ́ ọ, kí ó fi rọ òrùka. Mo ti dákẹ́ títí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdákẹ́ mi ń pa àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lára, nítorí náà mo mú kálàmù lónìí láti dá gbogbo wọn lóhùn pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: pé tálákà lè kó owó àtijọ́ ìlú rẹ̀ jọ, bí ó bá mọ ààlà ohun tí ó ń wá, tí ó sì fi ọwọ̀ àti fìtílà wá a, dípò àpò owó. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn obìnrin inú Ìhìnrere tí ó ní owó fàdákà mẹ́wàá, tí ọ̀kan sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin náà kò yá owó. Kò lọ sí ọjà láti ra òmíràn dí i. Ó tan fìtílà, ó gbá ilé, ó sì wá a títí ó fi rí i nínú ilé ara rẹ̀. Èmi kò fẹ́ wàásù níhìn-ín; ṣùgbọ́n n kò mọ ẹlòmíràn tí ó fi ọ̀nà iṣẹ́ yìí hàn kedere tó obìnrin náà.

Kí a tó jiyàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Owó wo ni àwọn baba wa ná? Owó ẹyọ ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ó ti wá. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni a ti ń kó o wá. Nígbà tí ó sì di bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú mìíràn wá láti Zanzibar, tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ fi pọ̀ jù, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá pe ẹgbàá lónìí, òǹkà owó ẹyọ ni ó ń pè, bí kò tilẹ̀ fi ojú rí owó ẹyọ rí.

Lẹ́yìn owó ẹyọ ni owó onírin tiwa. Ní 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ owó tí ó ní orúkọ Nàìjíríà lára: kọ́bọ̀ oníhò, àti ọ̀nínì oníhò tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Irin fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń ṣe ìkòkò ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀nínì, ṣùgbọ́n irin yìí kò bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa mu, nígbà tí ó sì di 1908 wọ́n fi irin tí ó le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Eépìnnì oníhò tẹ̀ lé wọn ní 1911. Ní 1912 ni a dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1913 sì ni a ti ń rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì fún wa, fún Gold Coast, fún Sierra Leone àti fún Gambia. Fàdákà gidi ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1920, nígbà tí fàdákà ti wọ́n gógó, idẹ ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún náà ni ó sì wà lára owó onírin mẹ́fà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní fún ara rẹ̀ nìkan: eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì, a sì gba náírà àti kọ́bọ̀. Owó onírin márùn-ún ni ó bá náírà dé: ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ 5, kọ́bọ̀ 10 àti kọ́bọ̀ 25. Èmi náà mọ̀ wọ́n dáradára, nítorí wọn ni mo fi ra ẹ̀pà nígbà èwe mi, a sì ń pe kọ́bọ̀ 5 ní sísì, a ń pe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè, bí ẹni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì lọ. Ní 1991 a tún kọ́bọ̀ 1, 10 àti 25 rọ, a sì fi kọ́bọ̀ 50 àti náírà kan kún un. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2007 ni kọ́bọ̀ 50, náírà kan àti náírà méjì mìíràn jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà wọ́n. Ti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 7. Ti 1959 jẹ́ 6. Ti 1973 jẹ́ 5. Ti 1991 jẹ́ 5. Ti 2007 jẹ́ 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó onírin 26, pẹ̀lú okùn owó ẹyọ kan. Èyí ni àkójọ mi. Òfin tí mo fi lé e lọ́wọ́ ni pé: irú owó kọ̀ọ̀kan tí ará Òrò-Àgọ́ ti ná lọ́jà, ẹyọ kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ni àwọn kan yóò ti kọ́kọ́ bá mi jà. Àwọn tí ó mọ̀wé nínú ọ̀ràn owó àtijọ́ yóò ní èmi kò kó nǹkan kan jọ. Wọn yóò ní ó yẹ kí n ní kọ́bọ̀ oníhò ti gbogbo ọdún tí a rọ ọ́, àti ti orí ọba kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ó ní lẹ́tà H lára, tí í ṣe àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, àti èyí tí ó ní KN, tí í ṣe ti King's Norton. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n léèrè: ta ni ó fi òfin yẹn lélẹ̀? Ẹni tí ó lówó ni. Ó sì fi í lélẹ̀ ní ìwọ̀n àpò tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe ìtìjú fún eku pé ìtẹ́ rẹ̀ kò tó ti òkété. Ìtìjú ni bí ó bá gbẹ́ ihò tí kò lè parí, tí òjò sì bá a níta. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ààlà tí ó sì kún inú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò ní ààlà, bí ó tilẹ̀ ra gbogbo ọjà, kò ní parí títí yóò fi kú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dá ẹni tí ó ní iṣẹ́ olówó ni lóhùn. Ìdajì àkójọ mi, èyí ni àwọn 13 tí ó jẹ́ ti náírà àti kọ́bọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi owó rà rárá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka títa owó náírà, ìbáà ṣe ti bébà tàbí ti onírin, sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 sì wà fún un. Èmi kò dán òfin wò. Mo ń tọrọ wọn ni, tàbí kí n fún ẹni tí ó ni í ní iye tí ó wà lára rẹ̀ gan-an. Nínú èyí, kí ni olówó fi ju èmi lọ? Àwọn ti 2007 pàápàá, àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ gbà wọ́n. Ọmọdé a fi wọ́n ṣeré, ìyá rẹ̀ a sì gbá wọn dànù mọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ba mú wọn lónìí, ọ̀fẹ́ ni yóò rí wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, láti ara owó tí ó tuntun jù, nítorí pé ohun tí a kò kà sí lónìí ni a óò fi omijé wá lọ́la.

Ẹ tún gbọ́ ti Ọba Edward VIII. Ọba yìí gun orí ìtẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1936, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún kan náà. Kí a tó kó owó tí ó ní àwòrán orí rẹ̀ jáde fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa kò ní orí ọba lára. Orúkọ nìkan ni a ń kọ yí ihò náà ká. Nítorí náà ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ tí ó ní orúkọ Edward VIII jáde fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1936, àwọn baba wa sì fi ra iyọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san £1,000,000 fún owó wúrà kan ṣoṣo tí ó ní orí ọba yìí. Èmi, katikísì Òrò-Àgọ́, ní orúkọ ọba kan náà nínú àpótí mi. Ara okùn tí ìyá bàbá mi sín kọ́bọ̀ oníhò rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń sín owó ẹyọ, ni mo ti rí i. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò wa ni ó wà.

Àmọ́ ṣá, n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣìnà rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí n tó pa ààlà tí mo sọ yìí, ojúkòkòrò wọ̀ mí lára. Mo gbọ́ pé ìjọba Bìáfúrà rọ owó onírin ní 1969 nígbà ogun, àti pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Mo bá oníṣòwò kan pàdé ní ìlú ńlá kan, ó fi ṣílè Bìáfúrà hàn mí, ó sì ní ₦18,000 ni. Owó tí èmi àti ìyàwó mi ti ń kó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìdánwò ọmọbìnrin wa ni mo kó fún un. N kò sọ fún ìyàwó mi. Ìgbà tí mo délé tí mo gbé owó náà lé àtẹ́lẹwọ́ ni ojú mi là. Irin fúyẹ́ bí ti ìkòkò ìdáná ni a fi rọ owó Bìáfúrà. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi wúwo bí òjé. Ayédèrú ni. Èṣù àwọn ìwé tí mo kà kò sí níbẹ̀. Ojú ara mi ni ó fọ́. Ìyàwó mi ni ó ta aṣọ rẹ̀ méjì kí ọmọ náà tó lè jókòó nínú ìdánwò, títí di òní kò sì fi bú mi, èyí tí ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìní ni ó pa mí, àìní ààlà ni. Bí mo bá ti ní òfin mi nígbà náà, n kò bá tí bèèrè iye rẹ̀, nítorí pé kò sí ará Òrò-Àgọ́ kan tí ó fi ṣílè Bìáfúrà ra nǹkan ní ọjà wa rí. Ohun tí kò sí nínú ìtàn ìlú mi, kí ni mo ń fi oúnjẹ ọmọ mi wá a sí? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ju ₦200 sínú agolo kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí agolo náà kò bá lè rà, n kì í rà á. Bí àìsàn tàbí àlejò bá dé, agolo náà ni mo máa ń kọ́kọ́ tú.

Ẹ gbọ́ ìṣirò iṣẹ́ náà. Nínú 26, mo rí 11 láàárín ẹbí mi, nínú kókó aṣọ, nínú àpótí àwọn òkú, àti lábẹ́ ẹní. Àwọn ènìyàn fi 8 ta mí lọ́rẹ. Mo fi èyí tí ó pọ̀ lọ́wọ́ mi ṣe pàṣípààrọ̀ 4. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí jẹ́ sísì 1959 tí a bá nísàlẹ̀ àpò ọrẹ àtijọ́ kan, èyí tí báńkì kò gbà mọ́. Níwájú àwọn àgbà ìjọ ni mo fi ₦200 rọ́pò rẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Méjì péré ni mo rà, ti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì, ₦3,500 ni mo sì san lórí wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25. Nípa èyí tí ó kù, n óò sọ̀rọ̀ láìpẹ́.

Ó kan ẹni tí ó ní kí a yọ́ owó náà. Ìwọ arákùnrin, ǹjẹ́ o mọ ohun tí o ń wí? Láàárín 1913 àti 1920 nìkan ni a fi fàdákà gidi rọ ṣílè tiwa. Ṣílè kan kò wúwo tó gíráàmù mẹ́fà. Bí o bá yọ́ ọ, ihò òrùka kan ni yóò kún. Èyí tí a rọ láti 1920 wá, idẹ ni, alágbẹ̀dẹ kò tilẹ̀ ní fún ọ ní owó oúnjẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú ní 2001, ọmọ ẹbí wa kan kó àwọn ṣílè fàdákà inú àpótí rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ kí a tó sin òkú tán. Àwọn ọmọdé pín ọ̀nínì rẹ̀ mọ́wọ́, wọ́n fi ta ayò, wọ́n sì sọ ọ́ nù sínú koríko. Àwọn ṣílè wọ̀nyí ni ó gbà nígbà tí ó ru iṣu lọ sí ọjà. Lára wọn ni bàbá àgbà mi ti ń san owó orí. Òrùka tí a fi wọ́n rọ ti sọnù. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó wà. Ta ni ó jèrè?

Ẹni tí ó sì ní ìfẹ́ owó ni, mo fẹ́ kí ó ronú. Ẹni tí ó fẹ́ràn owó, owó tí a lè ná ni ó ń fẹ́. Tèmi kò lè ra àádùn. Ewu wà nínú iṣẹ́ yìí, mo gbà, mo sì ti jẹ́wọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ewu náà kò sí nínú owó àtijọ́, inú ọkàn tí kò mọ "ó tó" ni ó wà. Ewu mìíràn sì wà tí àwọn olùkójọ kì í fẹ́ kí a sọ. Àwọn kan nínú wọn a máa lọ bá àwọn arúgbó ní abúlé, wọn a fún wọn ní owó ọṣẹ, wọn a sì kó fàdákà wọn lọ. Olè ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó bá mọ iye ohun tí arúgbó kò mọ̀, ojúṣe rẹ̀ ni láti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó owó àtijọ́ kí ó lè máa dán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun. Ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti bá a. Dípò èyí, ẹ wá bébà pélébé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó fún yín, ibi tí ó ti wà, àti ohun tí ẹni náà rántí pé òun fi irú rẹ̀ rà. Lára bébà ti tọ́rọ́ mi, a kọ ọ́ pé tọ́rọ́ ni ọmọ kan fi san owó ìwé kíkà rẹ̀ àkọ́kọ́. Olówó Lọ́ńdọ̀nù lè ra tọ́rọ́ ẹgbẹ̀rún; kò lè ra bébà yìí. Pẹ́ńsùlù ni ó ná mi.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Wọ́n ní, "Olùkọ́, o ní 25. Kò pé. Kí ni iyì àkójọ tí kò pé?" Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Ẹsìẹ́ ti ń tọ́jú wọn tipẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábẹ̀wò àwọn ilé ìwé CMS, tó ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933. Ní 1945 sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹsìẹ́, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ṣí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ère náà ni kò lórí mọ́, tàbí tí apá wọn ti kán. Ta ni ó gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ní kí a da wọ́n nù nítorí pé wọn kò pé? Ilẹ̀ Ìgbómìnà wa ni ó kọ́ Nàìjíríà pé ohun tí ó ṣẹ́kù tó láti tọ́jú.

Èyí tí mo ṣaláìní ni ọ̀nínì, owó tí ó kéré jù nínú gbogbo wọn. Ẹ wò bí ọ̀rọ̀ ti rí: nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan tòṣì, a ní kò ní ọ̀nínì, èmi ni a ń wí. Mo kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá arúgbó kan nínú ìjọ wa ránṣẹ́ pè mí. Ó na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀, ó fa òwú dúdú kan jáde, ọ̀nínì sì wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Olùkọ́, ṣé èyí ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Mo ní, "Òun ni, Ìyá."

Ó ní, "Bàbá mi ni ó so ó mọ́ mi lọ́rùn nígbà tí mo ń ṣàìsàn lọ́mọdé, tí gbogbo ènìyàn ní n óò kú. N kò ní tà á. N kò sì ní fi ta ọ́ lọ́rẹ, ọmọ mi, má bínú. Òun ni a óò sin mọ́ mi."

Mo sọ fún un ohun tí àwọn ará ìlú ńlá lè san lórí irú rẹ̀, nítorí pé ojúṣe mi ni. Ó rẹ́rìn-ín. N kò tún sọ ohun kan mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ méjì, mẹ́ta, bóyá ojú yóò tì í, yóò sì fi í sílẹ̀ fún katikísì rẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkójọ ayé yìí fi pé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àpótí mi kún nítorí pé ọrùn ẹlòmíràn ṣófo. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá fẹ́ rí i, n óò mú un wá."

Ó mú un wá lóòótọ́. Ní ọjọ́ tí a yàn, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní ilé ìwé, mo tò wọ́n láti orí owó ẹyọ dé orí náírà méjì ti 2007, mo sì fi àyè kan sílẹ̀. Ìyá náà tú òwú ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀nínì sí àyè náà, ó jókòó tì í, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ bí a ti ń ka mẹ́wàá kí ó tó di kọ́bọ̀ kan. Fún bí wákàtí kan, àkójọ Òrò-Àgọ́ pé 26. Lẹ́yìn náà ó so ó padà mọ́ ọrùn, ó sì lọ sílé. Bébà kan wà ní àyè náà nínú àpótí mi báyìí, ohun tí mo kọ sí i ni pé: ọ̀nínì, ó wà lọ́rùn ẹni tí ó ni í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, mo ní kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn tí ń bá mi jà rò pé àpótí ẹnì kan ni àkójọ gbọdọ̀ pé sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ó di ẹni tí ó bá lówó. Èmi ní inú ìlú ni ó yẹ kí ó pé sí. Bí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà bá fi àpótí kan sí ilé ìwé rẹ̀, tí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni owó kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀, tí ẹni tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ sì ń mú un wá ní ọjọ́ kan lọ́dún, láìná ₦10,000 a óò ti ṣe ohun tí olówó kò lè fi mílíọ̀nù rà. Àwọn tí ó ná ọ̀nínì ń dín kù lójoojúmọ́. Ìsìnkú kọ̀ọ̀kan tí a ń ṣe, àpótí kan ni a ń tú, alágbẹ̀dẹ kan sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má dúró de owó. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ lọ bá àgbà ilé yín, ẹ kí i, ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó wà nínú kókó aṣọ rẹ̀. Bí kò bá fún yín, ẹ má jà. Ẹ ṣáà kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀.